Ìràwọ̀ Tí Wọ́n Ń Dùbúlẹ̀ Kà

Ó ní orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́, orúkọ náà sì dára, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi pè é. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Àǹtí Ìràwọ̀. Àwọn òbí gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ, ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá géètì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí, ó sì kù díẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ náà máa pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Obìnrin tó sanra díẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ròkè, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà láàárọ̀, ẹ ò ní ṣì í mọ̀, torí àpò rẹ̀ a máa kọ mànà sí ènìyàn lójú. Bébà dídán tí wọ́n fi ń wé bisikíìtì àti ṣokoléètì ló máa ń kún inú rẹ̀ bámúbámú.

Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Yàrá iwájú ilé wọn ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń wo gbogbo ohun tí ìyàwó rẹ̀ bá ń kó wọlé.

"Ìwọ obìnrin yìí," ni ó máa ń wí, "ṣé bisikíìtì lo rà ni àbí bébà?"

"Bébà ni mo rà," ni ìyàwó yóò dáhùn, "wọ́n kàn fi bisikíìtì ṣe ẹ̀bùn fún yín ni. Ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ dákẹ́."

Ọkọ a jẹ ẹ́, a sì dákẹ́. Èmi ò mọ ọkọ mìíràn tó rí irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ.

Kíláàsì àwọn ọmọ tó kéré jù ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ó ń kọ́, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lẹ́yìn ìyá wọn, tí ẹlòmíràn ò tíì lè wọ bàtà kó má fi tọ̀tún sí tòsì. Yàrá náà wà ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Àga inú rẹ̀ kéré débi pé bí àgbàlagbà bá jókòó lé e, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ìṣó wà lára ògiri tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbé àpò rẹ̀ kọ́, àwòrán ló sì wà lórí ìṣó kọ̀ọ̀kan dípò orúkọ, torí wọn ò tíì mọ̀wé kà. Ọmọ kan ní ẹja, òmíràn ní agboòrùn, òmíràn ní kọ́kọ́rọ́. Ẹní rọ́bà aláwọ̀ ewé kan ló bo ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri.

Orí ẹní yìí ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́ tó fẹ́ fi ìràwọ̀ kọ́ wọn ní oǹkà, ohun tí tíṣà gbogbo ń ṣe ni òun náà ṣe. Ó gé ìràwọ̀ márùn-ún jáde lára páálí, ó fi bébà dídán bò wọ́n, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, ó mú rúlà dání, ó sì ní kí wọ́n máa kà á tẹ̀lé òun. Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Ìbéèrè. Ẹ ò nílò kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

"Àǹtí," ó ní, "kí ló dé tí ìràwọ̀ wà lára ògiri? Ṣé ó já ni?"

"Kò já. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀."

"Òkè ni ìràwọ̀ máa ń wà."

Àǹtí wo ògiri, ó wo ọmọ náà. Ó lọ bẹ ẹni tó ń tọ́jú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ pé kó gbé àkàbà rẹ̀ wá, wọ́n sì fi òwú so àwọn ìràwọ̀ náà rọ̀ sí òkè àjà. Ó di ọjọ́ kejì, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọmọ gbé orí sókè, ọrùn ń dùn wọ́n, ọ̀kan nínú wọn sì gbé orí sẹ́yìn títí tó fi jókòó sílẹ̀ gbì. Ni Àǹtí bá ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí gbogbo wa dùbúlẹ̀." Òun ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, ní àárín ẹní gan-an, àwọn ọmọ sì tò yí i ká.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò kà á lórí ìdúró mọ́. Wọn a fa kọ́tìnì, Àǹtí a tan tọ́ọ̀ṣì sókè kí àwọn ìràwọ̀ lè máa dán yinrinyinrin, gbogbo wọn a sì nà gbalaja. Ó tilẹ̀ ní kí ọkọ òun bá òun rán ìkùukùu, ìyẹn àgékù aṣọ aláwọ̀ eérú kan tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí okùn. Orí okùn yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Bó bá ti fà á díẹ̀, ìkùukùu á bo ìràwọ̀ kan. Òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe orin tí wọ́n ń kọ sí i:

Ìràwọ̀ márùn-ún lókè téńté,
wọ́n ń ṣẹ́jú sí mi, mò ń ṣẹ́jú sí wọn.
Ìkùukùu dé, ó gbé ọ̀kan pamọ́.
Ìràwọ̀ mélòó ló kù o?

"Mẹ́rin!" ni gbogbo wọn á pariwo. Wọn á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́rin, títí tí kò fi ní sí ìràwọ̀ kankan lókè mọ́. Nígbà náà ni wọn á wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ ìkùukùu pé, "Ìkùukùu, jọ̀ọ́, dá wọn padà," Àǹtí á sì tú okùn sílẹ̀. Ariwo ayọ̀ tó máa ń sọ nígbà náà, ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní géètì ń gbọ́ ọ.

Ẹ má rò pé eré lásán ni. Inú orin yìí ni wọ́n ti mọ oǹkà lọ síwájú àti padà sẹ́yìn. Àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà létí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ pupa yàtọ̀ sí òféèfèé. Wọ́n á ka ṣóńṣó ìràwọ̀, wọ́n á fi ìka ya ìràwọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ara wọn, ẹ̀rín á sì pa wọ́n torí ó ń rìn wọ́n. Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́kún, tó jẹ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti mú un wá sí ilé-ẹ̀kọ́, ẹkún ló fi ń kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí tó rí ìràwọ̀ lókè, ó gbàgbé láti sunkún. Inú Àǹtí dùn lọ́jọ́ náà débi pé ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ náà ò sì dá a dúró.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe ń lọ wẹ́rẹ́ títí ọ̀gá àgbà tuntun fi dé.

Obìnrin ni ọ̀gá yìí, ó kéré sí Àǹtí Ìràwọ̀ lọ́jọ́ orí, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Kì í ṣe ìkà o. Ẹni tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà nípò rẹ̀ ni. Ó ń rìn káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàtà rẹ̀ ń dún kọ́ kọ́ kọ́, ó dé ibi yàrá ìkángun, ó rí i pé wọ́n fa kọ́tìnì. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Gbogbo kíláàsì ló bá nílẹ̀, àti tíṣà àti ọmọ.

"Ẹ káàárọ̀ o, tíṣà," ó ní. "Ṣé àkókò oorun ni?"

"Rárá o, mà," ni Àǹtí dáhùn láti ilẹ̀. "Ìṣirò là ń ṣe."

Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn padà jẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n lu aago ìsinmi, ó ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì.

"Ẹ jókòó, mà," ni ọ̀gá wí. "Mo mọ̀ pé ẹ ti pẹ́ níbí, mi ò sì fẹ́ rí yín fín. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ kan, ọmọbìnrin yẹn tó máa ń sunkún, ó wá bi mí pé kí gan-an lọmọ òun ń kọ́. Mo ní kí n lọ fojú ara mi rí i. Ohun tí mo rí rèé. Kí ni kí n sọ fún un?"

"Ẹ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti lè kà dé márùn-ún, mà, ó sì lè kà á padà."

"Lórí ìdùbúlẹ̀?"

"Ibi tó wù kó wà, mà." Ó fọwọ́ sọ̀yà. "Orin yẹn ti wọ̀ wọ́n lára."

Ọ̀gá fi bírò kan tábìlì díẹ̀. "Ó dáa. Ọjọ́ àwọn òbí ti ń bọ̀ ní ìparí sáà yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gun pèpéle, kí wọ́n kọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn gbọ́. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, Tíṣà Kékeré ni yóò gba kíláàsì yẹn ní sáà tó ń bọ̀, ẹ̀yin á sì máa bá wa tọ́jú yàrá ìwé."

Tíṣà Kékeré ni ọmọbìnrin tó ń bá Àǹtí ṣe olùrànlọ́wọ́. Ọmọ dáadáa ni, kò sì sí ẹ̀bi tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Yàrá ìwé náà kò burú. Ó tutù, ó mọ́, fèrèsé ńlá wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀, ìyẹn ọmọ.

Nígbà tí Àǹtí délé lọ́jọ́ náà, kò bá ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń wo abẹ́rẹ́ bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti dàgbà, ó ti lọ sí ilé ọkọ níbi tó jìnnà. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ inú yàrá ìkángun yẹn ló ń jí i láàárọ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó ń bẹ̀rù pé òun á jí lọ́jọ́ kan, kò ní sí ẹni tí òun yóò bá di okùn bàtà.

"Ṣé àwọn ọmọ mọ orin náà?" ni ọkọ bi í.

"Wọ́n mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ."

"Kí ni ẹ̀rù wá ń bà ẹ́ sí? Fi ara balẹ̀. Màá rán aṣọ tuntun fún ọ."

Ọkùnrin! Bí ilé bá ń jó, èyí á ní òun fẹ́ lọ wọn ara fún aṣọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ràn án lọ́wọ́ díẹ̀.

Ibi tí Àǹtí Ìràwọ̀ ti wá ṣe àṣìṣe nìyí, àṣìṣe tó jẹ́ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dénú nìkan ló lè ṣe é. Ó tẹra mọ́ orin náà. Láàárọ̀, wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á kọ ọ́. Kí wọ́n tó lọ sílé, wọ́n á tún dùbúlẹ̀, wọ́n á tún kọ ọ́. Tíṣà Kékeré fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní, "Àǹtí, ṣé ká má kó wọn lọ sí gbọ̀ngàn, kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí pèpéle?" Àǹtí rò pé ọmọ yìí ti ń fojú sí kíláàsì òun lára. Inú bí i.

"Ta ló ní wọn ò mọ̀ ọ́n?" ó ní. "Bí o bá jí wọn lójú oorun, wọ́n á kọ ọ́. Gbọ̀ngàn wo?"

Tíṣà Kékeré ní, "Ẹ má bínú, mà," ó sì ń bá a lọ láti máa gé ìràwọ̀ tí àwọn ọmọ yóò dè mórí. Wọn ò dé gbọ̀ngàn.

Ọjọ́ náà pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, àwọn òbí kan dúró lẹ́yìn torí àga ò tó. Aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run ni télọ̀ rán fún ìyàwó rẹ̀, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi le gan. Òun náà wà lẹ́yìn, ó wọ fìlà, ó ń na ọrùn. Bàbá Ẹlẹ́kún wà lórí ìlà iwájú, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Ọ̀gá wà ní ẹ̀gbẹ́ pèpéle, bébà ètò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ kíláàsì ńlá kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n wá pe àwọn ọmọ kékeré. Wọ́n gun pèpéle lọ, ìràwọ̀ wà lórí wọn, àwọn kan ń juwọ́ sí ìyá wọn. Wọ́n tò. Àǹtí dúró nísàlẹ̀ níwájú wọn, ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó gbé ọwọ́ sókè.

Wọ́n pa lọ́lọ́.

Ó tún gbé ọwọ́ sókè. "Ìràwọ̀ márùn-ún..." ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Kò sí ẹni tó gbè é. Wọ́n ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Kì í ṣe pé ojú ń tì wọ́n, wọn ò kàn mọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe ni. Ọ̀gá Ìbéèrè gbé orí sókè, ó wo àjà gbọ̀ngàn. Fáànù kan ló ń yí níbẹ̀.

"Àǹtí," ó pariwo, "ìràwọ̀ dà?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ẹlẹ́kún su ẹnu jọ, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ó kù fẹ́ẹ́fẹ́ kó bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ mi orí. Ó yé Àǹtí lójú ẹsẹ̀. Ó yé e pé òun ò tíì rí àwọn ọmọ yìí kí wọ́n kọ orin náà lórí ìdúró rí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ìràwọ̀ rọ̀. Ìdùbúlẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ orin náà lọ́dọ̀ tiwọn. Òun ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè dá lẹ́bi.

Ẹlẹ́kún ni kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó jókòó. Lẹ́yìn náà, ó dùbúlẹ̀ sórí pákó pèpéle, ó sì kọjú sókè. Ọ̀gá Ìbéèrè wò ó, ó dùbúlẹ̀ tì í. Ni gbogbo wọn bá ń dùbúlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sún fún ara wọn, wọ́n ń bá ara wọn jà díẹ̀ nítorí ààyè, títí wọ́n fi tò yíká. Ní àárín wọn, wọ́n fi àlàfo ńlá kan sílẹ̀.

Wọ́n ń dúró dè é.

Àwọn òbí ń na ọrùn, àwọn kan dìde torí wọn ò rí ọmọ wọn mọ́. Ọ̀gá ti ń dìde lórí àga rẹ̀. Tíṣà Kékeré sáré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí. "Àǹtí, ẹ jẹ́ n lọ gbé wọn dìde."

"Dúró ná, ọmọ mi."

Ó wo àlàfo náà. Bí wọ́n bá gbé àwọn ọmọ dìde báyìí, ètò á tẹ̀síwájú, àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á gbàgbé, òun á sì gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé. Bí òun bá sì gun ibẹ̀ lọ, ohun tí ọ̀gá rí lọ́jọ́ yẹn tó bínú sí ni gbogbo ayé yóò rí. Arúgbó obìnrin, aṣọ lílọ̀, nílẹ̀, níwájú bàbá ọmọ. Ojú ń tì í títí dé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ò mọ ìtìjú kankan. Wọ́n kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ tí wọ́n ń retí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń retí rẹ̀ láràárọ̀.

Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó gun pèpéle. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ tilẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, pákó ké, ó sì na gbogbo ara rẹ̀ gbalaja sáàárín wọn.

Igbe ta lẹ́yìn gbọ̀ngàn. "Yéè! Ẹ gbà mí o! Ìyàwó mi ti ṣubú!" Télọ̀ ni. Ó ti ń la àárín àwọn ènìyàn kọjá, fìlà rẹ̀ ti já bọ́.

"Ẹ padà jókòó, bàbá," ni ohùn kan dáhùn láti ilẹ̀ pèpéle. "Nǹkan kan ò ṣe mí. Ìṣirò là ń ṣe."

Bí gbọ̀ngàn ṣe rẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín èyí yàtọ̀ sí ti ìṣáájú, àwọn ọmọ pàápàá bá wọn rín in. Ara wọn ti balẹ̀. Ìkùukùu ò sí, okùn ò sí, ìràwọ̀ ò sí lókè. Àǹtí na ọwọ́ rẹ̀ kan sókè, ó la ìka márààrún. Kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbọ́ tí aṣọ ń dún wìyẹ̀wìyẹ̀ yí i ká, ó sì rí i pé gbogbo wọn ti na ọwọ́ tiwọn náà.

"Ìràwọ̀ márùn-ún lókè téńté," ni ó bẹ̀rẹ̀.

"Wọ́n ń ṣẹ́jú sí mi, mò ń ṣẹ́jú sí wọn!" Ohùn wọn dún já gbọ̀ngàn. "Ìkùukùu dé, ó gbé ọ̀kan pamọ́!"

Ó fi ọwọ́ kejì ká ìka kan wọlé. Àwọn òbí ò rí ojú àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n wọ́n rí àwọn ọwọ́ kékeré tó hù sókè lórí pèpéle, àwọn ìka tó ń tẹ̀ wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìràwọ̀ mélòó ló kù o?"

"Mẹ́rin!"

Nígbà tó di mẹ́ta, àwọn ìyá ti ń bá wọn dáhùn. Nígbà tó di méjì, bàbá Ẹlẹ́kún ti tú ọwọ́ tó ká lẹ́rán, ó ti na ìka méjì sókè láìmọ̀. Ó ku ọ̀kan. Ìkùukùu dé, ó gbé e lọ. Gbogbo ọwọ́ di ẹ̀ṣẹ́ lókè.

"Ìràwọ̀ mélòó ló kù o?"

Ohùn kan ṣoṣo, tínrín, ló jáde. "Kò sí!" Ẹlẹ́kún ni, ohùn ẹkún ò sì sí nínú rẹ̀ rárá. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìkùukùu, jọ̀ọ́," ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "dá wọn padà."

Gbogbo ọwọ́ là lẹ́ẹ̀kan náà. Àtẹ́wọ́ sọ, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ tẹsẹ̀tẹsẹ̀, àwọn ọmọ sì fò dìde, wọ́n sáré tú ká lọ bá ìyá wọn.

Ó wá ku Àǹtí nìkan nílẹ̀. Ó gbìyànjú láti dìde, ìbàdí rẹ̀ ní ó tì. Ó yí sí ọ̀tún, ó yí sí òsì, kò bọ́ sí i. Ó ń wo fáànù, àtẹ́wọ́ sì ń rọlẹ̀. Ó mọ̀ pé orin ti dára, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ọ̀gá rò, ìyẹn nìkan ló sì fẹ́ mọ̀ láyé yìí. Ó gbọ́ bàtà lórí pákó, kọ́ kọ́ kọ́. Ojú ọ̀gá yọ lókè rẹ̀.

"Ẹ fún mi lọ́wọ́ yín, mà."

Ó na ọwọ́. Ọ̀gá dì í mú, ó fi ẹsẹ̀ tilẹ̀, ó fà á. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, òun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé.

"Ní sáà tó ń bọ̀," ni ọ̀gá sọ sí i létí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín lórí ìdúró pẹ̀lú. Ẹ̀yìn mi ò lè máa gbé yín nílẹ̀ báyìí lọ́dọọdún."

Àǹtí Ìràwọ̀ ya ẹnu láti dáhùn. Ẹkún ló gba ibẹ̀ jáde. Ó ti dìde dúró tán, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ ọ̀gá sílẹ̀.